Aṣọ Òkè Ara Ẹ̀rọ

Inú máa ń bí mi sí ẹni tó bá ń mí láìmọ̀ pé òun ń mí. Mo mọ̀ pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n Òkìkíọlá ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ ló ń bá a mí láti ìgbà tí àìsàn ti ba iṣan rẹ̀ jẹ́. Rọ́bà kan wọ inú ihò tí dókítà lu sí i lọ́fun, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí i tọ̀sán-tòru, sólà orí òrùlé wa l'Ọ̀kà ló sì ń bọ́ ẹ̀rọ. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kàwé, ó máa ń bá mi jà bí ọbẹ̀ mi bá ta jù. Ilé-ìwé ni kò lọ rí.

Ilé-ìwé méjì n'Ìkàrẹ́ ti kọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta wà nítòsí wa níbí. Mo bẹ ọ̀gá ibẹ̀, Misis Oyèbọ̀dé, títí ó fi gbà láti wá wo ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bí òun náà bá kọ̀, kò tún sí ibi tí mo lè bẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n pè é sí, ṣùgbọ́n láti aago méje àárọ̀ ni Òkìkíọlá ti wọ yunifọ́ọ̀mù tí mo ti rà sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ọkọ mi. Lójú Màmá, àlejò kì í bá ohun tó níye lórí ní ìhòòhò. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wọṣọ, rédíò rẹ̀ wọṣọ. Ẹ̀rọ Òkìkíọlá ń bà á lẹ́rù, ọdún márùn-ún gbáko ni kò fi fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe jáde lọ pàdé àlejò nídìí ọ̀kadà, Màmá mú aṣọ òkè tí wọ́n fi gbé e níyàwó, ó fi wé ẹ̀rọ náà tìfẹ́tìfẹ́, ó sì ki etí aṣọ sẹ́yìn rẹ̀, níbi tó ti ń fa atẹ́gùn gan-an.

A kò tíì jókòó tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ètè ọmọ mi ti ń dúdú, ojú rẹ̀ ń wá mi. Mo yọ rọ́bà ẹ̀rọ lọ́fun rẹ̀, mo ki báàgì tí à ń fọwọ́ tẹ̀ sí i, mo gbé báàgì lé Misis Oyèbọ̀dé lọ́wọ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó kún, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má dúró."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kó kún, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo wo iná, mo wo bátìrì, mo ń pe Jésù, mo ń bú sólà. Aṣọ náà wà níwájú mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ lára nǹkan ti mọ́ mi lójú nílé wa débi pé n kò rí i. Nígbà tí mo fà á jù sílẹ̀, tí mo dá rọ́bà padà sí ọmọ lọ́fun, ẹ̀rọ dákẹ́ igbe.

Misis Oyèbọ̀dé jókòó, òógùn bò ó. Ó ní òun kò lè gbà á. Bó bá ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì ńkọ́? Mo bi í pé èyí tó ṣẹlẹ̀ tán yìí, ọwọ́ ta ló gbà á là? Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́pá. Mo wo yunifọ́ọ̀mù ọmọ mi, ayé sú mi.

Ni Màmá bá kúnlẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí.

"Ẹ̀rọ ò ṣẹ̀. Mo ní á bà yín lẹ́rù, èmi li mo wọṣọ fún un. Ẹ mọ́ tìtorí ẹ̀ṣẹ̀ mi tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ."

Misis Oyèbọ̀dé sáré kúnlẹ̀ tì í, nítorí ta ló lè dúró kí àgbà kúnlẹ̀ fún òun? Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa jókòó ti ọmọ náà ní kíláàsì. Èmi kò lè fiṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ mi ló ń ra rọ́bà. Ó yíjú sí Màmá, ó ní bí wọ́n bá lè tẹ báàgì yẹn kó tó di ọjọ́ Ajé, kí àwọn méjèèjì máa bọ̀.

Àlejò kò tíì kúrò lọ́nà tí Màmá fi ní kí n kọ́ òun. Mo fi báàgì rọ́pò ẹ̀rọ lọ́fun ọmọ, mo gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Làkúrègbé ti mú ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, àyà ọmọ kò gbéra. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò gbéra. Mo na ọwọ́ láti gbà á, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Ó gbé báàgì lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un bí ẹni ń fún ògì. Àyà Òkìkíọlá gbéra.

"Màmá," ọmọ náà ní, "ẹ̀yin lẹ̀ ń bá mi mí yìí."

Màmá bú sẹ́kún. Ó ń sunkún, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò dúró.