Níwájú Uncle Bọ̀wálé

…wọn ò tíì pè. Wọ́n ní kílẹ̀ òní tó ṣú, àwọn á pe ẹni tí àwọn bá mú fún ipò kóòṣì. Ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ lọ sílé ti fẹ́ dé ibùdókọ̀ Port Credit. Bóyá wọ́n tiẹ̀ ti pe ọkùnrin ará Woodbridge tí a jọ ń du ipò náà yẹn, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn—

Faridah, fara balẹ̀.

Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Uncle Bọ̀wálé, kóòṣì àgbà wa, ń fẹ̀yìn tì. Èmi ni igbákejì wọn nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ta ló tún kàn? Ṣùgbọ́n nílẹ̀ òyìnbó níbí, ipò kóòṣì àgbà kì í ṣe oyè ìdílé. Wọ́n á polówó ẹ̀, wọ́n á bá ọ sọ̀rọ̀ lórí Zoom, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù á bi ọ́ ní tiwọn, kí ìgbìmọ̀ tó wá pè ọ́ wọlé.

Mo ṣe dáadáa. Àfi níwájú ìgbìmọ̀. Uncle fúnra wọn jókòó síbẹ̀, wọ́n yọ awò ojú wọn. “Faridah, what would you change?”

Níwájú wọn! Àwọn tó mú mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Malton, tó kọ́ mi níṣẹ́. Ṣé kí n wá máa ka ẹ̀sùn sí àgbà lẹ́sẹ̀ níṣojú òyìnbó? Mo ní, “Nothing, sir. Everything is fine.” Uncle ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣì ń wò mí, bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀…

Ẹ̀kọ́ ilé ni. Bí wọ́n bá torí ìyẹn já mi kulẹ̀, Alhamdulillah, kò sẹ́ni tó máa sọ pé mo—

Ayọ̀mipọ̀ ńkọ́?

Ọmọ yẹn. Lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ ń bi mí ní ìbéèrè, òun ló nawọ́. Orúnkún ẹ̀ ti wú láti oṣù tó kọjá, Uncle ṣì ń fi í sórí pápá. Lójú tiwọn, ẹni tó bá lè rìn lè sáré. “Coach, if it hurts, can I tell you?” Mo ní kó sọ ọ́. Mo ní kó má wojú ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ohun tí màá yí padà: ẹni tó bá fara pa ò ní wọ pápá. Ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́nu mi. Uncle náà mọ̀… àbí kí ló dé tí wọ́n fi bi mí? Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi, èmi ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀wọ̀ wo? Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ń bẹ̀rù kí Uncle má lọ bínú sí mi, mo wá ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé.

Fóònù ò dún. Bó bá wá dún, tí wọ́n ní èmi ni ńkọ́?

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ní kó ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe níwájú Uncle.