Ẹni Tó Máa Dúró fún Ọ̀ṣuntóyìn

Ilé karùn-ún rèé lónìí ní Fìdítì, ó sì ti rẹ Ọ̀ṣuntóyìn tẹnutẹnu. Pásítọ̀ àwọn Solomon, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti ní òun ò ní so wọ́n pọ̀ àfi bí ìyá ìjọ kan bá dúró fún ọmọ abọ̀rìṣà tó ti Ilora wá. Ìyá mẹ́rin ti lé e padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìfẹ́ Solomon nìkan ló ṣì ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá Beatrice, ẹni tí kò rí rí. Ìyá náà ń bó ẹ̀gúsí, kò ní kó dìde.

"Wọ́n ní ìyá rẹ á fi ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun sọ́rùn wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Irọ́ ti dé ẹnu Ọ̀ṣuntóyìn, ṣùgbọ́n kò sí agbára àtipa á mọ́. "Wọn á fi sọ́rùn, mà. Ọrùn wọn ni."

"Ẹnu ẹ mú o! Kí ló ń fi í ṣe?"

"Ọmọ mẹ́ta ló kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ìdí odò ni wọ́n ti tọrọ mi."

Ọwọ́ Màmá Beatrice dúró. "Mẹ́rin lèmi sin kí n tó bí Beatrice." Ó bu omi, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bí a ti í ṣe fún àlejò, ó wá gbé e fún un. "Dìde. Mi ò tíì gbà o. Mú ìyá rẹ wá lọ́la, kí n fojú ara mi rí i."

Ọ̀ṣuntóyìn mu omi náà tán. Ó ro ìrìn tí òun àti ìyá òun tí orúnkún ń dùn máa tún rìn, ó mí kanlẹ̀.

"A ó wá, mà."