Àpò Ata Mẹ́rin

"Mí sínú, Nusirat. Mí síta. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì Cecilia di ìbòmú oògùn mú mọ́ imú ọmọ ọdún méje náà. Àyà rẹ̀ ṣì ń dún fíì-fíì, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ tó dúdú láàárọ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Ìgbà kẹta rèé lóṣù yìí tí Màríyámọ̀, ìyá rẹ̀, ń gbé e sáré wá sí ilé ìwòsàn kékeré yìí ní Kétu.

"Ikọ́ fée ni, ìyẹn asthma, Mummy Nusirat. Nǹkan kan wà nílé tó ń ru ú sókè. Kí ló wà nínú yàrá tẹ́ ẹ ń sùn?"

"Kò sí nǹkan kan, Aunty. Bẹ́ẹ̀dì àti ẹrù wa ni."

Nusirat gbé ìbòmú sókè díẹ̀. "Ata," ló wí.

Màríyámọ̀ wolẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń ta ata gbígbẹ ní ọjà Mile 12. Kò lágbára àtigba ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpò mẹ́rin máa ń wà.

"O mọ̀ pé ata ni, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ata yẹn la fi ń jẹun. Tí ikọ́ bá ń bọ̀, mo máa ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu kẹ́ ẹ má baà gbọ́."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí fèrèsé.

Nígbà tí oorun gbé ọmọ lọ, Màríyámọ̀ fi í ti nọ́ọ̀sì, ó gba Mile 12 lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àlhájà Ọláìyá tó ń ta àlùbọ́sà, ẹni tó ti bá tajà rí.

"Àlhájà, ẹ jọ̀ọ́, ata tó wà nílé ló ń ru ikọ́ Nusirat sókè. Ẹ bá mi gbà á sí ṣọ́ọ̀bù yín. Màá máa bá yín tajà láàárọ̀ kí n tó ta tèmi."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní o ò lè bá ẹnikẹ́ni tajà mọ́ láyé?"

"Èmi ni, mà."

"Báwo lara ọmọ?"

"Ó ti ń mí dáadáa, mà."

"Lọ kó o wá."

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ata ti kúrò nílé, Màríyámọ̀ sì ti fọ ilẹ̀ yàrá. Ó wá padà lọ mú Nusirat.

"Ṣé a ṣì máa jẹun?" ni ọmọ náà béèrè lọ́nà.

"A máa jẹun."

Wọ́n rìn díẹ̀, Màríyámọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Wá, kí n pọ̀n ọ́."

Nusirat wò yíká bóyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan wà nítòsí, lẹ́yìn náà ló gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.