Orúkọ Tí Kúdírát Fún Wọn ní Fájuyì

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n Kúdírát ti lo oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti kó wá sí Adó-Èkìtì láti Ìsẹ́yìn, tó ń ta òwú, bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ ní Ọjà Ọba, kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun bu omi tí òun yóò mu. Ikú ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kókó kan bí ẹ̀wà ló yọ sí ọyàn ìyá náà, ó fi í pa mọ́ fún gbogbo ayé, títí kókó náà fi pa á. Bí ìyá ẹni bá lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún ọmọ rẹ̀, ta la tún lè gbẹ́kẹ̀ lé? Láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá ni irú kókó bẹ́ẹ̀ ti wà ní ọyàn òsì Kúdírát náà. Kò sọ fún ẹnì kankan, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi.

Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ará yunifásítì kan ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin wò lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí jẹjẹrẹ ọyàn ní àdúgbò Fájuyì, ó fi ìbòmú bojú, ó sì gba ẹ̀yìn ọjà lọ. Ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ fu ú lára. Ta ní ń ṣoore lásán láyé ìsinsìnyí?

Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì, Olúwabùsáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, fi ike pẹlẹbẹ kan hàn án tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. "Màmá, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo la máa kán síbí. Rọ́bà dúdú tó wà lórí rẹ̀ yìí máa ń gbé iná. Tí àmì jẹjẹrẹ bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, iná náà á yí padà, ẹ̀rọ kékeré yìí á sì kà á."

Kúdírát wò ó látòkè délẹ̀. "Rọ́bà tí àwọn oníná fi ń di wáyà kí iná má baà gbé wọn, òun lo ní ó ń gbé iná?"

"Tiwa yàtọ̀, mà. A dìídì ṣe é kó lè gbé e ni. Kì í sì í ṣe òun ló máa dájọ́. Tó bá ti fura sí nǹkan, a ó ní kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn."

Ẹ̀rọ tó ń fura! Ìyẹn nìkan ni Kúdírát rí gbà gbọ́ nínú gbogbo àlàyé náà. Ó na ìka rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè orúkọ, ọkàn rẹ̀ tún sọ fún un pé ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, tó tún gba orúkọ rẹ mọ́ ọn, kí ló kù fún ọ? Ó wá orúkọ ẹni tí ọwọ́ ayé kò lè tó mọ́. Ó ní Àmínát lòun ń jẹ́. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni. Fóònù ńkọ́? Ó ní òun kò ní, fóònù náà sì ń gbọ̀n nínú ìró rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Pé òun ń tajà ní Ọjà Ọba nìkan ló jẹ́wọ́. Wọ́n ní kó padà wá gba èsì lọ́la, kò padà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Olúwabùsáyọ̀ wọ ọjà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń béèrè obìnrin kan tó ń jẹ́ Àmínát láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Kúdírát bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́tìnì tó ti kà tẹ́lẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá òun kiri sí? Kò sí ìbòmú lójú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà kò sì dá a mọ̀.

Sẹ̀gilọlá tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ní ìsọ̀ kejì ló dá a lóhùn. "Uṣẹ́ kí lo wá jẹ́ fún un? Sọ ọ́ kí n gbọ́, mo mọ ulé gbogbo obìnrin ọjà yìí."

"Ẹ má bínú, mà. Òun nìkan ni mo lè sọ fún."

Kúdírát dẹ pàkúté. "Àbúrò rẹ̀ ni mí. Sọ fún mi."

"Ẹ dákun, mà, ẹ kàn bá mi pè é."

"Mo ní inú kan náà ló bí wa!"

"Ìyá tó bí i lọ́mọ ni ẹ̀ bá jẹ́, mi ò ní lè sọ."

Ibi tí irọ́ yóò ti yọ jáde ni Kúdírát ń wá, ẹnu tó ń pa àṣírí mọ́ ló rí. Síbẹ̀ ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè jẹ́wọ́. Ó fẹ́ kí ọmọ náà máa lọ, kó má sì padà wá mọ́.

"Àmínát ti kú," ló wí.

Olúwabùsáyọ̀ jókòó sórí àpótí Sẹ̀gilọlá láìgbàṣẹ. "Ó ti kú? Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án?" Omi lé sí i lójú. "Ó yẹ kí n ti wá ṣáájú òní." Ó ṣí ìwé náà, ó wá orúkọ kan tí wọ́n fi bírò pupa yí ká, ó sì fẹ́ fa ìlà pa á rẹ́.

Kúdírát rántí ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń fi ìborùn bo àyà, tó ń sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan. Òun náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ yìí. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Má fà á. Àmínát ti kú lóòótọ́, ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ kò tíì kú."

Kóńgò ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ Sẹ̀gilọlá. Kúdírát kò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ rárá. Ó gba bírò, ó fúnra rẹ̀ fa ìlà sórí orúkọ ìyá rẹ̀, ó kọ Kúdírát sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tì í.