Máàkì Aago Mẹ́wàá

“Mi ò ní fà á, mà.”

Ó ti bọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú bẹ́ẹ̀dì kẹta kó tó mọ̀. Gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù ló gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń fọwọ́ gbàgbé omi ẹ̀rọ, omi ń ṣòfò lọ. Mátírọ́ọ̀nù dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kẹta, ìwé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí lo wí?”

“Mo ní mi ò ní fà á. Mo ti gbọ́ àyà rẹ̀ tọ̀tún tòsì, ó mọ́ tónítóní. Kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan níbẹ̀.”

Ọmọbìnrin oṣù mọ́kànlá ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà, òtútù àyà ló gbé e débẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹnu rẹ̀ wọ ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń bá a mí. Ọmọ tó bá wà báyẹn kò lè wúkọ́ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló máa ti rọ́bà kékeré mìíràn gba inú ti àkọ́kọ́, tí ẹ̀rọ á fi fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ọ̀gá ni wọ́n ń pe ọmọ yìí, torí pé nínú oorun pàápàá, ṣe ló máa ń fajú ro bí ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ dé.

Wákàtí méjì méjì ni wọ́ọ̀dù náà ń fà á, ọmọ nílò rẹ̀ o, ọmọ ò nílò rẹ̀ o. Àpótí kékeré wà nínú ìwé fún aago mẹ́jọ, aago mẹ́wàá, aago méjìlá. O fà á, o máàkì. Inú dókítà àgbà a sì máa dùn tó bá rí i tí máàkì tò lọ bẹẹrẹ.

Lánàá, òun náà máàkì tiẹ̀. Aago mẹ́wàá lù, Ọ̀gá ń sùn jẹ́jẹ́, ìyá rẹ̀ ti lọ wẹ̀. Ó ti rọ́bà náà wọlé títí ó fi kan nǹkan, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́. Ọkàn ọmọ tó ń lù nígbà ogóje ní ìṣẹ́jú kan já wálẹ̀ sí àádọ́ta. Ètè rẹ̀ dúdú. Ẹ̀jẹ̀ bá rọ́bà jáde. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, òun nìkan ló fún un ní atẹ́gùn títí àwọ̀ rẹ̀ fi padà, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Lẹ́yìn náà ló máàkì. Àpótí yẹn ò láyè ẹ̀jẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì lè jẹun nígbà tó délé.

Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ò dé ojú. “Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi?”

“Rárá o, mà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo kọ̀. Màá fọwọ́ sí i.”

“Àyà ò já ẹ?”

“Ó ń já mi, mà.”

Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀ ó gba ìwé náà, ó sì kọ ọ́ sínú àpótí aago mẹ́wàá gàdàgbà pé: Àyà mọ́, kò nílò fífà. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kúẹ́rì fi dé. Kó dáhùn kó tó di aago mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù náà.

“Olóríkunkun!” Ẹni tó ń tọ́jú bẹ́ẹ̀dì kẹrin ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Jẹ́jẹ́. “Ṣé orí ẹ pé ṣá? Máàkì ẹ̀, kó o má fà á. Ta ló máa mọ̀?”

“Ẹni tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi á gbà á gbọ́.”

Jẹ́jẹ́ pòṣé, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ní aago méjìlá, àyà Ọ̀gá ṣì mọ́, ó tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù ni ẹ̀rọ Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń hó gùdùgùdù nínú rọ́bà, atẹ́gùn ara rẹ̀ ń já wálẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún, márùndínláàádọ́rùn-ún. Mátírọ́ọ̀nù sáré dé.

“Ṣé o rí i? Ṣé o rí ayé ẹ?”

“Mo rí i, mà. Ó nílò rẹ̀ báyìí.”

Ó fi kún atẹ́gùn ọmọ náà ná. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ó sì di rọ́bà náà mú níbi sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá, bí rọ́bà tó wà lọ́fun ọmọ ṣe gùn tó, kò lé. Ó rọra tì í wọlé láìfà. Ó dúró níbi ìka rẹ̀.

“Tì í wọlé dáadáa!”

“Ó tó, mà.”

“Mo ní kó o tì í!”

“Mo ní ó tó!”

Ó séèémí tiẹ̀ náà, kó lè mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ, ó sì ń fà á bó ṣe ń yọ ọ́ bọ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fi parí. Ọkàn ọmọ ò já wálẹ̀ rárá. Atẹ́gùn gòkè padà, Ọ̀gá fajú ro, ó ń bá oorun rẹ̀ lọ.

“Ẹ ṣeun o, nọ́ọ̀sì,” ni ìyá ọmọ wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Láti àárọ̀ lẹ ti ń jà fún ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní gbàgbé yín.”

Kò lè wo ojú obìnrin náà.

“Aago mẹ́rin ni mo ń retí èsì mi,” Mátírọ́ọ̀nù wí, ó sì kọjá lọ.

Ó jókòó ti tábìlì, ó kọ ọ́ kún ojú ìwé kan: àyà tó mọ́, sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá, bí àṣà wákàtí méjì ṣe lè ṣe ọmọ léṣe. Ọ̀rọ̀ náà le, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ yọ mí kúrò tẹ́ ẹ bá fẹ́, ó kọ ìyẹn náà. Ó fẹ́ fọwọ́ sí i ni ojú rẹ̀ bá lọ sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin.

Aago mẹ́rin fẹ́ẹ̀ lù. Jẹ́jẹ́ mú rọ́bà tuntun dání, kò tíì já ọ̀rá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù. Ó gbé rọ́bà náà sílẹ̀, ó tẹ́tí sí àyà ọmọ tirẹ̀, apá ọ̀tún, apá òsì, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá da rọ́bà náà padà sínú dúróà, ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sínú àpótí aago mẹ́rin.

Olóríkunkun ń wò ó. Ohun tí Jẹ́jẹ́ rí lónìí nìkan ló mọ̀. Kò mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wọn, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ta ló sì mọ iye ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí, tó máàkì, tó dákẹ́?

Ó fa ìwé náà ya. Ó mú òmíràn, ó kọ ọ́ sí òkè pátápátá: Lánàá, ní aago mẹ́wàá, mo ṣe ọmọ yìí léṣe.