Aṣọ Tí Wọ́n Fọwọ́ Òsì Nà

"Ta ló ń wo ọwọ́?" Babáṣọlá jágbe, ó sì pa ohun tí Salimat kọ rẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta kúrò nínú ìwé tí wọ́n ń kọ àṣìṣe géèmù sí. "Ṣé kóòdù bàjẹ́ ni? Ìwọ tí gbogbo iṣẹ́ ẹ ò ju kó o máa fi fóònù ṣeré lọ!"

Ọkọ̀ òfurufú kan kọjá lórí òrùlé ọ́fíìsì wọn ní Àjàó Estate, ariwo rẹ̀ sì bo èsì tí Salimat fẹ́ fọ̀. Babáṣọlá ló ni iléeṣẹ́ náà, géèmù orí fóònù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Òun ló ń kọ kóòdù tó ń darí géèmù, òun ló ń yàwòrán, ó tún ń bú èèyàn kún un. Iṣẹ́ Salimat ni kó dán géèmù wò títí yóò fi rí ibi tó ti bàjẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń dán òun náà wò, ìrọ̀lẹ́ òní ló sì máa mọ̀ bóyá wọ́n á gbà á síṣẹ́.

Géèmù náà dá lórí obìnrin kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Aswani. Kí iṣẹ́ má bàa pọ̀, ibi tí obìnrin náà ti kọjú sí ọ̀tún nìkan ni Babáṣọlá yà. Bó bá di pé kó kọjú sósì, kóòdù á kàn yí àwòrán náà padà bíi ti inú dígí. Ọwọ́ ọ̀tún á wá di òsì, òsì náà ló sì fi ń na aṣọ sí oníbàárà, ìbáà ṣe arúgbó.

Ní aago méjì ọ̀sán, Àlàájà Ìsíátù tó ń ta léèsì ní Aswani dé. Ojú tirẹ̀ gan-an ni wọ́n yà sínú géèmù náà. Àfi tó bá fọwọ́ síwèé ni wọ́n tó lè gbé e jáde. Salimat kúnlẹ̀ kí i. Babáṣọlá fa Salimat sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé àṣìṣe kankan ṣì kù?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ gbọ́.

Bọ́mọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló ń mọ ibi tó máa wó sí. Nínú ọ́fíìsì yìí, Salimat tó kéré jù ló mọ̀. Èébú oṣù mẹ́ta ru sókè nínú rẹ̀. Kó wó, kó wó lu Babáṣọlá mọ́lẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Àlàájà gba fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín sí gèlè tí wọ́n wé fún un. Ó ta aṣọ àkọ́kọ́, ó ta ìkejì. Nígbà tó kan bàbá arúgbó kan tó dúró lápá òsì, ẹ̀rín náà pòórá.

"Èmi? Èmi ni mo ń nawọ́ òsì sí ẹni tó tó bí mi lọ́mọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Salimat yìí ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó rí i!"

"Mo rí i, mà!" Salimat fi fọ́tò ohun tó kọ, tó ti yà kí wọ́n tó pa á rẹ́, han Àlàájà lórí fóònù rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́. Ọ̀gá mi ni wọ́n ń pa á rẹ́."

Àlàájà kà á tán. Kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ Babáṣọlá. "O rí i. O sì kúnlẹ̀ kí mi níbí yìí. Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"



Àlàájà gbé báàgì rẹ̀, ó jáde láìfọwọ́ sí nǹkan kan. Babáṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí Salimat kó ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n Salimat kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ojú ń tì í. Babáṣọlá kò rò ó rárá pé yóò dun ìyá náà. Òun mọ̀ pé yóò dùn ún, ó sì dúró wò ó.