Oògùn Píńkì Inú Ike Mi

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí ní Àgbowó. Ilẹ̀ ni mo fi ogún ọdún gbá ní ilé ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́n rí mi nínú yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ní Nọ́ọ̀sì, mo sì dáhùn. Ó dùn mọ́ mi nínú, kí n má parọ́. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni ládùúgbò, èmi ni wọ́n ń bi léèrè, èmi náà á sì máa ṣàlàyé bí ẹni tó kàwé ẹ̀.

Zùwáírátù, ìyá Suhail, ni ọ̀rẹ́ mi. Ojúlé wa kọjú síra, a sì jọ ń lọ sí àsáláátù. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọdún kẹjọ rèé tó ti ń lo oògùn píńkì kan tí hóró ẹ̀ kéré. Lóṣù tó kọjá, ó ti fámasì kan ní Bódìjà dé, ó gbé káàdì oògùn funfun síwájú mi.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó. Fadékẹ́mi tó ń ta oògùn níbẹ̀ sọ pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe píńkì ti kógbá wọlé. Ó ní oògùn kan náà lèyí, ilé iṣẹ́ mìíràn ló kàn ṣe é. Ó ní orúkọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni kí n máa wò, kì í ṣe àwọ̀."

Ṣebí kí n ní kó lọ máa lò ó ni. Ṣùgbọ́n inú bí mi pé ọmọ àná ti dáhùn ohun tó yẹ kí wọ́n bi mí. Mo ní, "Má dá a lóhùn jàre. Mo ní píńkì yẹn nílé."

Mo ṣí ike áísìkirimù tí mo ń da oògùn sí. Gbogbo èyí tí ọkọ mi lò kù kó tó kú ló wà níbẹ̀, láìsí káàdì, láìsí orúkọ. Mo ṣa píńkì mẹ́wàá. Ó kéré bíi tiẹ̀, ó nílà láàárín bíi tiẹ̀. Mo dì í sínú ọ̀rá fún un, ó sì ṣàdúrà fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Suhail sáré wá pè mí. Ìyá ẹ̀ ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń làágùn, ó ń sọ̀sọkúsọ. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gidi gún un níka, ó ní ṣúgà ara ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi sí i lára. Ó bi wá pé oògùn wo ni màmá ń lò.

Suhail na káàdì funfun sí i. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà fún un ni. Lónìí yìí ni mo máa mú ọlọ́pàá lọ bá ọmọbìnrin tó tà á fún un."

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. "Kò tíì já ọ̀kan nínú ẹ̀. Kí ló wá lò?"

Suhail yíjú sí mi. "Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ èdè wọn."

Ojú gbà mí tì. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n dákẹ́. Kí Ọlọ́run forí jì mí, mo rò ó dáadáa.

"Èmi ni mo fún un lóògùn," mo ní. "Ó ní láti jẹ́ oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí ọkọ mi ń lò. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, Suhail. Ilẹ̀ ni mo ń gbá."

Nọ́ọ̀sì ní ó dáa tí mo sọ ọ́, nítorí oògùn yẹn máa ń pẹ́ lára, wọn ò ní jẹ́ kó lọ sílé lónìí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Zùwáírátù ti ń sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

"Ẹ dìde," ó ní. "Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tí mo bí Suhail, ẹ̀yin lẹ nu ẹ̀jẹ̀ mi nílẹ̀. Ẹ ò rántí mi ni."

"Kí ló wá dé tí o fi gba oògùn lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n," ó ní. "Mo rò pé ẹ ò lè fún mi ní ohun tí kò bá dá yín lójú."

Ó yíjú sí ògiri. Mi ò tíì lè dìde.